Ta Ló Ń Yan Ta? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ẹkùn Ìdìbò Tí Wọ́n Ń Tún Gé ní Amẹ́ríkà

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni àwọn ará ilé ti ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí a ń gbé ní Texas pé kí ló dé tí àwọn aṣòfin fi sá kúrò ní ìpínlẹ̀, àti pé kí ni ìtumọ̀ àtúngé ẹkùn ìdìbò tí gbogbo ayé ń pariwo. Mo kọ ìdáhùn wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá tó ti gba ìwé ọmọ onílùú, tó ń dìbò ní Houston, tí kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ni òun máa ń dìbò fún. Inú bí mi, ẹ ó sì rí i nínú ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n ohun tó wà ní àkọsílẹ̀ ni mo fi gbé e ró.

Ìbéèrè: Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní Texas?

Ìdáhùn: Ìjókòó 435 ló wà nílé aṣojú-ṣòfin ní Washington, Texas sì ní 38 nínú wọn, ẹkùn ìdìbò kan fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2024, 25 nínú 38 yìí bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ Republican. Ẹgbẹ́ kan náà ló pọ̀ jù nílé ní Washington, ṣùgbọ́n 220 sí 215 ni wọ́n fi pọ̀ jù, àlàfo tí kò tó nǹkan. Gbogbo ẹni tó mọ ìṣèlú Amẹ́ríkà ló sì mọ̀ pé ìdìbò tó máa ń wáyé láàárín sáà ààrẹ sábà máa ń gba ìjókòó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ààrẹ náà. Ààrẹ Donald Trump, tó jẹ́ Republican, kò fẹ́ dúró kí èyí dé bá òun ní oṣù kọkànlá ọdún 2026. Ó ní kí Texas wá ìjókòó márùn-ún sí i, Gómìnà Greg Abbott sì pe àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ sí ìpàdé àkànṣe láti tún ẹkùn gé.

Ìlànà ilé aṣòfin Texas ni pé ọmọ ilé 100 nínú 150 gbọ́dọ̀ wà níkàlẹ̀ kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí Democrat tó lé ní 50 fi kúrò ní ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, tí ọ̀pọ̀ wọn forí lé Illinois, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ìtanràn 500 dọ́là lójúmọ́ ń dúró dè wọ́n. Abbott gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n yọ olórí àwọn Democrat náà, Gene Wu, nípò pátápátá. Wọ́n padà ní ọjọ́ 18, àwọn Republican dìbò fún máàpù tuntun, gómìnà sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 29. Wọ́n gé máàpù tuntun náà kí Republican lè gba 30 nínú 38.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí àjọ elétò ìdìbò tó ń pín ẹkùn níbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ibí yìí ló máa ń ya àwọn ará ilé lẹ́nu jù. Ní Nàìjíríà, INEC ni òfin ilẹ̀ gbé iṣẹ́ pípín ẹkùn lé lọ́wọ́, ohun yòówù kí a rò nípa àjọ náà. Ní ọ̀pọ̀ jùlọ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ fúnra wọn ló ń gé ẹkùn, tiwọn àti ti àwọn tí yóò lọ sí Washington, gómìnà á sì buwọ́ lù ú. Ẹgbẹ́ tó bá wà lórí àlééfà ló ń pinnu ibi tí ààlà yóò gbà.

Lẹ́yìn ìkànìyàn, tó máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá, ni wọ́n máa ń gé e. Wọ́n kànìyàn ní 2020, Texas jèrè ìjókòó méjì nítorí èrò tó pọ̀ sí i, tí ọ̀pọ̀ jùlọ wọn kì í sì í ṣe aláwọ̀ funfun. Wọ́n gé ẹkùn ní 2021 bí wọ́n ṣe fẹ́. Èyí tí wọ́n tún gé ní 2025 kò ní ìkànìyàn kankan lẹ́yìn. Kò sì sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó kà á léèwọ̀. Texas yìí kan náà ṣe irú rẹ̀ ní 2003, àwọn Democrat ìgbà náà sá lọ sí Oklahoma, ní 2006 sì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni gígé ẹkùn ṣe lè sọ àwọn tó kéré di àwọn tó borí?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní olùdìbò 50 ló wà, tí a fẹ́ pín sí ẹkùn márùn-ún, ènìyàn 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ A ní 20, ẹgbẹ́ B ní 30. Bí a bá pín in bó ṣe tọ́, B yóò ní ẹkùn mẹ́ta, A yóò ní méjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọwọ́ A ni ọ̀bẹ wà, wọn yóò há ènìyàn B 18 mọ́ inú ẹkùn méjì, mẹ́sàn-án nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ènìyàn A kan ṣoṣo. Nínú ẹkùn mẹ́ta tó kù, A yóò jẹ́ mẹ́fà, B yóò jẹ́ mẹ́rin. Báyìí ni ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe gba ìjókòó mẹ́ta nínú márùn-ún. Kò sẹ́ni tó gbé àpótí ìbò sá lọ, kò sẹ́ni tó yí èsì padà. Ọjọ́ tí wọ́n fa ilà ni ìbò ti parí.

Ọgbọ́n méjì ló wà nínú rẹ̀: híhá alátakò mọ́ ojú kan kí ìbò wọn ṣòfò, àti fífọ́n àwọn yòókù ká kí wọ́n má lè pọ̀ níbikíbi. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Gómìnà Elbridge Gerry ti Massachusetts ti buwọ́ lu irú rẹ̀ ní 1812. Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni kọ̀ǹpútà, tó mọ bí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣe dìbò, tó sì lè gbé ẹgbẹ̀rún máàpù síwájú aṣòfin kó mú èyí tó wù ú. Trump gba nǹkan bí ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò Texas ní 2024. Ìjókòó 30 nínú 38 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 79.

Ní Houston ńbí, ẹ wo ẹkùn kejìdínlógún, ẹkùn tó rán Barbara Jordan lọ sí Washington ní 1972, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ gúúsù kan yàn sílé aṣojú-ṣòfin. Sylvester Turner tó ń ṣojú rẹ̀ kú ní oṣù kẹta ọdún 2025. Gómìnà sún ìdìbò àrọ́pò di oṣù kọkànlá, kò sẹ́ni tó gba ju ìlàjì ìbò lọ, àtúndì sì bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2026. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù 11 tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kò fi ní aṣojú kankan, nígbà tí àlàfo nílé sì kéré débi pé ìbò kan lè yí òfin padà. Láàárín àkókò náà gan-an ni wọ́n tún ẹkùn ọ̀hún gé, tí wọ́n sì da ẹkùn kẹsàn-án ti Al Green rú débi pé òun náà ní láti wá díje ní ẹkùn kejìdínlógún, kí Democrat máa bá Democrat jà. Ẹni tó bá ní èèṣì ni kó wá ṣàlàyé fún mi.

Ìbéèrè: Kí ni ilé ẹjọ́ ń wò?

Ìdáhùn: Ní 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbọ́ ẹjọ́ méjì pọ̀, ọ̀kan láti North Carolina níbi tí Republican ti gé ẹkùn, èkejì láti Maryland níbi tí Democrat ti gé e. Adájọ́ àgbà John Roberts gbà pé ìwà náà kò bá ìjọba tiwa-n-tiwa mu, ṣùgbọ́n òun àti adájọ́ mẹ́rin mìíràn ní kì í ṣe iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ láti dá sí i. Adájọ́ mẹ́rin tako wọn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gé ẹkùn nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú kò ní ẹjọ́ láti jẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ nítorí àwọ̀ ara nìkan ni wọ́n lè mú un. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ jùlọ aláwọ̀ dúdú ti ń dìbò fún Democrat, ta ni yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀?

Ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ kọ lẹ́tà sí Texas ní oṣù keje ọdún 2025 pé ẹkùn mẹ́rin kan kò bófin mu nítorí bí wọ́n ṣe kó ẹ̀yà jọ sínú wọn. Nítorí pé lẹ́tà yìí fi hàn pé àwọ̀ ara ni wọ́n wò, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta ní El Paso dá máàpù náà dúró ní oṣù kọkànlá. Jeffrey Brown, tí Trump fúnra rẹ̀ yàn, ló sì kọ ìdájọ́ náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí Texas máa lo máàpù rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ṣé ọwọ́ Democrat mọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Illinois tí àwọn aṣòfin Texas sá lọ ní ìjókòó 17, Democrat sì mú 14 nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Trump gba nǹkan bí ìdá 43 níbẹ̀ ní 2024. Ojú tì mí nígbà tí mo rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ olùdìbò.

California ló dá Texas lóhùn. Àwọn ará ibẹ̀ ti gba iṣẹ́ gígé ẹkùn lọ́wọ́ aṣòfin láti 2008 àti 2010, wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ aráàlú. Gómìnà Gavin Newsom wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ títí di ẹ̀yìn ìkànìyàn ọdún 2030, kí Democrat lè wá ìjókòó márùn-ún tiwọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2025, bí ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún wọn gbà. Mo fara mọ́ ọn, inú mi kò sì dùn sí i. Ìyàtọ̀ kan wà tí n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bò mọ́lẹ̀: California bi aráàlú léèrè kí ó tó ṣe é. Texas kò bi ẹnikẹ́ni.

Lódìkejì, mo bọ̀wọ̀ fún àwọn Republican 21 nílé aṣòfin àgbà Indiana, tí wọ́n dara pọ̀ mọ́ Democrat ní oṣù kejìlá láti fi ìbò 31 sí 19 kọ máàpù tí Trump fẹ́, láìka ìhàlẹ̀ sí.

Ìbéèrè: Kí ló kan ẹni tí kì í ṣe olóṣèlú?

Ìdáhùn: Ó kàn án jù bó ṣe rò lọ. Nínú ẹkùn tí ẹgbẹ́ kan ti ni ín tán, ìdìbò abẹ́lé ni ìdìbò tòótọ́, àwọn díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ń gbóná lára wọn ló sì ń jáde fún un. Aṣojú irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ kò bẹ̀rù mi, kò bẹ̀rù aládùúgbò mi tó jẹ́ Republican tó ń ráhùn owó ìṣègùn. Ẹni tó bẹ̀rù ni ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó le jù ú lọ. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà fẹ́ kì í kọjá nílé, tí ìjọba sì lè ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ 43, bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ọdún 2025.

Ìbéèrè: Ṣé wọn kò lè ṣòfin láti fòpin sí i ni?

Ìdáhùn: Washington lè ṣe é; òfin ilẹ̀ fún wọn láṣẹ. Ní 2021, ilé aṣojú-ṣòfin, tó wà lọ́wọ́ Democrat nígbà náà, fọwọ́ sí òfin tí yóò gbé iṣẹ́ yìí fún ìgbìmọ̀ aláìṣègbè ní gbogbo ìpínlẹ̀. Nílé aṣòfin àgbà, níbi tí ọ̀pọ̀ òfin ti nílò ìbò 60 nínú 100 kó tó lè tẹ̀ síwájú, àwọn Republican dínà mọ́ ọn. Nígbà tí Democrat fẹ́ yí ìlànà 60 náà padà ní oṣù kìíní ọdún 2022, Joe Manchin àti Kyrsten Sinema, aṣòfin àgbà méjì tí ẹgbẹ́ Democrat gbé dépò, kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. N kò tíì dárí jì wọ́n.

Ní ìpínlẹ̀ bíi Michigan, aráàlú kó ìbuwọ́lùwé jọ, wọ́n dìbò sí i ní 2018, wọ́n sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ aṣòfin. Àwọn ará Houston máa ń bi mí pé kí ló dé tí àwa náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin Texas kò fún aráàlú láǹfààní láti fi ìbuwọ́lùwé gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú gbogbo olùdìbò ìpínlẹ̀. Ilé aṣòfin nìkan ló lè gbé e wá, àwọn kan náà tí wọ́n gé máàpù.