Ààwẹ̀ omi lásán

Ààwẹ̀ omi lásán ni kí ènìyàn má jẹ oúnjẹ kankan, kí omi nìkan máa wọ ẹnu rẹ̀, tọ̀sán-tòru. Bí ó bá ti kọjá ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó ti di ọlọ́jọ́ gígùn nìyẹn. Ó yàtọ̀ sí ààwẹ̀ Ràmàdáánì, nítorí aláwẹ̀ Ràmàdáánì kì í mu omi pàápàá títí oòrùn yóò fi wọ̀, àmọ́ ó ń jẹ sààrì, ó sì ń ṣínu. Ó yàtọ̀ bákan náà sí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìjọ ní Nàìjíríà ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí àwọn ọmọ ìjọ sábà máa ń ṣínu ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń gba omi lásán kì í ṣínu lálẹ́: orí ebi ni ilẹ̀ ń ṣú bá a, orí ebi náà ni ilẹ̀ ń mọ́ bá a.

Bí ara ṣe ń gbà á

Ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ fi pamọ́ ni ara kọ́kọ́ ń ná. Kò pọ̀, nǹkan bí gíráàmù 100 ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀. Ọpọlọ kò lè jó ọ̀rá ní tààrà, nítorí náà ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi protein inú iṣan ṣe ṣúgà fún un. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́dúró, iṣan ò ní pẹ́ run. Ketone ló ń gba iṣan sílẹ̀. Inú ọ̀rá ni ẹ̀dọ̀ ti ń mú un jáde, ọpọlọ sì lè lò ó. Òun náà ló ń mú kí èémí aláwẹ̀ máa rùn bí èso tó pọ́n jù.

Ní 1967, àwọn olùwádìí Oliver Owen, George Cahill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston, ní Amẹ́ríkà, wọn ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ọpọlọ àti èyí tó ń jáde níbẹ̀, lára àwọn aláìsàn mẹ́ta tó sanra tí wọ́n ti gbààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Wọ́n rí i pé ketone ti gba ipò ṣúgà, tí ó ń gbé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ọpọlọ ń jó.

Ẹni tó bá gun òṣùwọ̀n ní ọjọ́ kẹta tó rí i pé kílò mélòó kan ti lọ kò gbọdọ̀ tíì jó ijó ayọ̀. Omi àti iyọ̀ tó bá ìtọ̀ jáde ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àwọn ààwẹ̀ tí a kọ sílẹ̀

Ní 1912, Agostino Levanzin láti Malta lọ sí yàrá ìwádìí Francis Gano Benedict ní Boston, ó sì fi ọjọ́ 31 mu omi nìkan. Lálẹ́, inú àpótí ńlá kan tó ń wọn ooru àti èémí rẹ̀ ló ń sùn. Láti nǹkan bí kílò 60 ló ti bọ́ sí 47. Ní ọdún 1912 yìí kan náà ni ilé ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Washington dá Linda Hazzard lẹ́bi ikú Claire Williamson, obìnrin kan tó wá gba ìtọ́jú ààwẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Hazzard fúnra rẹ̀ kú sínú ààwẹ̀ ní 1938.

Èyí tó gùn jù tí àwọn dókítà kọ sílẹ̀ ni ti Angus Barbieri, ará Tayport ní Scotland. Ọmọ ọdún 27 ni, kílò 207 sì ni nígbà tó lọ sí ilé ìwòsàn ní Dundee ní 1965. Ààwẹ̀ ráńpẹ́ ni àwọn dókítà ní lọ́kàn. Òun ló ní òun ò tíì fẹ́ ṣíwọ́. Ó lo ọjọ́ 382, ó sì bọ́ sí kílò 82. Kì í ṣe omi nìkan pátápátá o: wọ́n fún un ní fítámì àti ìwúkàrà, wọ́n tún fún un ní potassium àti sodium, àwọn èròjà iyọ̀ tí ara ń lò, nígbà kan. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí mílígíráàmù 30 nínú mílílítà 100, iye tó lè dá ẹlòmíràn dákú, síbẹ̀ ó ń rìn kiri. Ẹyin bíbọ̀ kan àti búrẹ́dì olóbọ́tà ló fi ṣínu. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kílò 89 péré ni.

Ìfúnpá àti ṣúgà

Orí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni èsì ààwẹ̀ yìí ti hàn jù. Ní 2001, Alan Goldhamer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifọ́níà tẹ ìròyìn jáde lórí ènìyàn 174 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n gbààwẹ̀ bí ọjọ́ 10 sí 11. Nọ́ńbà òkè ìfúnpá wọn fi 37 wálẹ̀, ti ìsàlẹ̀ fi 13. Àmọ́ wọn kò ní ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n lè fi wọ́n wé, èso àti ewébẹ̀ sì ni wọ́n ń jẹ ṣáájú ààwẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà kò yẹ ká gbé gbogbo ìyìn náà fún ebi.

Insulin, ohun tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ń lọ sílẹ̀ bí ààwẹ̀ ṣe ń pẹ́. Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé, bí wọ́n bá fún aláwẹ̀ ọjọ́ mélòó kan ní omi ṣúgà mu, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ròkè bíi ti alátọ̀gbẹ. Iṣan ti mọ́ ọ̀rá lára, kò tètè gba ṣúgà wọlé. Ó máa ń padà bọ̀ sípò bí oúnjẹ bá ti ń wọlé. Ásíìdì uric náà máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jí àrùn gáùtì, ìyẹn oríkèé ríro, dìde lára ẹni tó ti ní i tẹ́lẹ̀.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2024 tọ ènìyàn 12 tí ara wọn le lẹ́yìn fún ọjọ́ 7. Kílò 5.7 ni wọ́n pàdánù ní ìpíndọ́gba. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta ni protein inú ẹ̀jẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà káàkiri ara. Nígbà tí wọ́n jẹun ọjọ́ mẹ́ta, ìwọ̀n tí kì í ṣe ọ̀rá fẹ́rẹ̀ẹ́ padà tán, ọ̀rá tó lọ kò padà.

Ọ̀rọ̀ ogbó

Níbí ni ariwo ti pọ̀ ju ẹ̀rí lọ. Clive McCay ní Yunifásítì Cornell fi hàn ní 1935 pé eku tí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù ń pẹ́ láyé ju èyí tó ń jẹ àjẹyó lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ dídínkù nìyẹn, kì í ṣe ààwẹ̀. Yoshinori Ohsumi láti Japan gba ẹ̀bùn Nobel ní 2016 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí autophagy, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó ti gbó láti tún wọn lò. Ara ìwúkàrà ló ti rí i. Ebi ń mú iṣẹ́ yìí yára nínú ìwúkàrà àti nínú eku, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ ẹni tó wà láàyè. Àwọn tó ń ní ara yóò di tuntun ní wákàtí 72 kàn ń fi aago sí ohun tí a kò tíì wọ̀n bẹ́ẹ̀ ni.

Eku kì í sì í ṣe ènìyàn. Bí eku kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì, ó lè pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, èyí tó máa gba ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kò sí ìwádìí tó tíì fi hàn pé ààwẹ̀ omi lásán fi ọdún kún ẹ̀mí ènìyàn.

Ewu ìṣínu

Ìgbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé ni ewu tó tóbi jù. Àwọn dókítà rí i kedere lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí ebi ti pa ń kú lẹ́yìn tí wọ́n ti rí oúnjẹ. Bí àwo ẹ̀bà tàbí ìrẹsì bá wọ inú tó ti pẹ́ tó ṣófo, insulin á ròkè lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ti phosphate, potassium àti magnesium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ọkàn lè máa lù ségesège, mímí sì lè nira. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún aláwẹ̀ ọlọ́jọ́ gígùn ní oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fún un ní fítámì B1 ṣáájú, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ọmọdé, ẹni tó ti rù jù, àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin kò gbọdọ̀ gbà á. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní láti rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, torí oògùn náà lè já ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ débi pé bó bá dìde lórí ibùsùn, òòyì á kọ́ ọ, á sì ṣubú.