Àlàyé ọ̀rọ̀: «waterproof» lára ìbòbàtà àwọn agunkẹ̀kẹ́

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ ní London láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta, ẹ ó rí ohun kan tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri, tó jọ ìbọ̀sẹ̀ ńlá tí wọ́n dá ihò sí lábẹ́. Overshoes ni wọ́n ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ìbòbàtà nínú àlàyé yìí, nítorí pé a ó ti wọ bàtà tán kí a tó fà á bò ó, kí òjò, ẹrẹ̀ àti atẹ́gùn tútù má baà rí ẹsẹ̀ gbé ṣe. Lára páálí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, waterproof, máa ń wà, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń túmọ̀ sí pé omi kò lè wọ̀ ọ́. Wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n fi ṣe ìbòbàtà ni ọ̀rọ̀ yẹn ń ròyìn. Ó dákẹ́ nípa bí wọ́n ṣe rán an àti nípa ibi tí wọ́n ti dá a lu. Àárín ohun méjèèjì yìí ni owó wa ń bọ́ sí, tí a ó ra ọjà tán tí ìbọ̀sẹ̀ yóò ṣì rin gbingbin.

Ẹni tó dàgbà sí Èkó lè rò pé òjò London kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ náwó. Lóòótọ́, òjò tó ń rọ̀ ní Èkó láàárín ọdún kan ju ìlọ́po méjì ti London lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀wààrà òjò Èkó máa ń dá, oòrùn á yọ, bàtà á gbẹ. Òjò wẹliwẹli ni ti London. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ kí ó má dá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nígbà tí ojú ọjọ́ kò ju ìwọ̀n 5 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹsẹ̀ ni ìyà náà ń jẹ jù lọ lára agunkẹ̀kẹ́, nítorí pé òun ló súnmọ́ táyà iwájú tó ń ta omi títì sókè, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ pàdé atẹ́gùn. Omi a sì máa fa ooru kúrò lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ ṣe ń fà á lọ, èyí ló fà á tí ìka ẹsẹ̀ fi ń kú tipiri nínú ìbọ̀sẹ̀ tó rin, kódà bí ìyókù ara bá ń làágùn.

Báwo wá ni àwọn tó ń ṣe aṣọ ṣe ń mọ̀ pé omi kì í wọ aṣọ kan? Hydrostatic head ni orúkọ ìdánwò náà. Ẹ fi ojú inú wo páìpù kan tó dúró ṣánṣán, tí wọ́n fi aṣọ náà dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa bí awọ ṣe ń bo ojú ìlù, tí wọ́n sì ń rọra da omi sínú rẹ̀ láti òkè. Bí omi ṣe ń ga sí i ni ó ń tẹ aṣọ náà sí i. Nígbà tí omi bá ti yọ ní ojú mẹ́ta lára aṣọ náà, wọn á dá omi dúró, wọn á wọn gíga rẹ̀ ní mìlímítà, iye yẹn ni wọ́n ń kọ sára ọjà. Lóde òní, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ti omi náà, wọn kò nílò páìpù gígùn mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí iye náà ń sọ kò yí padà. Bí ẹ bá rí 10,000 mm, aṣọ náà gba omi tó ga tó mítà 10 mọ́ra, bí ilé alájà mẹ́ta, kí ó tó jẹ́ kí ẹ̀kán mẹ́ta kọjá. Òjò tó ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ wa kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ bá rin, ẹ má tètè dá aṣọ lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo ojú rírán, níbi tí abẹ́rẹ́ ti gún un.

Ìbòbàtà àkọ́kọ́ tí mo rà, dúdú ni, ó nípọn, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára páálí rẹ̀ gàdàgbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo gbéra láti Peckham, kí n sì tó kọjá odò Thames ni mo ti ń gbọ́ bí omi ṣe ń dún nínú bàtà mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ pẹ́dà. Nígbà tí mo padà délé lálẹ́, mo yí inú ìbòbàtà náà síta, mo gbé apá ibi ìka ẹsẹ̀ dání bí ife lórí síǹkì, mo sì bu omi sí i. Fún bí ìṣẹ́jú kan, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí yọ lórí ìlà tí wọ́n ti rán an, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ní ojú ihò abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí òógùn ṣe ń yọ níwájú orí ẹni tó ń gúnyán. Gbogbo aṣọ tó kù gbẹ táútáú.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ní ilé ìtajà ni pé kí n yí inú ìbòbàtà síta. Bí ẹ bá rí téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ooru lẹ̀ mọ́ ojú rírán láti òkè délẹ̀, tàbí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù so etí aṣọ méjèèjì pọ̀ tí abẹ́rẹ́ kò sì gún un já sí òdìkejì, a jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ronú kan omi. Bí ó bá jẹ́ òwú lásán ni ẹ rí, tí ẹ na aṣọ náà tí ìmọ́lẹ̀ sì yọ láàárín okùn, yóò gbà yín lọ́wọ́ atẹ́gùn àti òjò tí kò pẹ́, ẹ má retí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Water-resistant ni orúkọ tó yẹ irú ìyẹn, ó sì wúlò ní àyè tirẹ̀.

Ihò méjì kan ṣì kù tí téèpù ojú rírán kò kàn. Ọ̀kan wà lábẹ́. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn sábà máa ń wọ bàtà tó ní cleat, ìyẹn ike tàbí irin kékeré tó ń há mọ́ pẹ́dà, ìbòbàtà sì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ àti ní gìgísẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn bàtà wọ̀nyí tún ní ihò atẹ́gùn lábẹ́, èyí tó dára nígbà ooru ṣùgbọ́n tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún omi nígbà òjò. Mo gbé ìtẹ́lẹ̀ bàtà mi kúrò, mo fi téèpù dí àwọn ihò náà láti inú, mo sì dá ìtẹ́lẹ̀ padà. Ìwọ̀nba owó téèpù yẹn ṣe mí láǹfààní ju ìbòbàtà olówó gọbọi tí mo rà ṣìkejì lọ. Mọ́gáàdì iwájú tó gùn dé nítòsí ilẹ̀, tó sì ní awẹ́ rọ́bà létí, ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú omi títì dúró. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò bá ní in, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ rà kó tó ra ìbòbàtà rárá.

Ihò kejì ni ẹnu ìbòbàtà, ní ọrùn ẹsẹ̀. Òjò tó bá bọ́ sórí itan àti orúnkún ń ṣàn tẹ̀lé ojúgun bọ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbòbàtà, ẹ ti la ojú àgbàrá sínú bàtà nìyẹn. Ẹ wo bí káfíńtà ṣe ń kan páànù: ti òkè ló ń gun ti ìsàlẹ̀ lórí, kí omi lè máa kọjá lórí òrùlé kó má ríbi wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò òjò wá bo ẹnu ìbòbàtà láti òkè. Bí ṣòkòtò yín bá há mọ́ ara tí kò ṣeé fà bò ó, ẹ wá ìbòbàtà tí ọrùn rẹ̀ ga, tí rọ́bà ẹnu rẹ̀ sì fún mọ́ awọ ara.

Ní ti aṣọ fúnra rẹ̀, oríṣi méjì ló gbòde. Neoprene jẹ́ rọ́bà àtọwọ́dá tí àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣàwárí ní 1930. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìbòbàtà ti wú bí búrẹ́dì, ó kún fún ihò kéékèèké tí kò já síra wọn, tí afẹ́fẹ́ sì há sínú wọn. Ó sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 3 sí 5. Afẹ́fẹ́ tó há yẹn ló ń pa ooru mọ́, nítorí náà ẹsẹ̀ lè rin nínú rẹ̀ kó má sì tutù, bí ti àwọn tó ń wọ aṣọ rẹ̀ lọ wẹ̀ nínú òkun tútù. Oríṣi kejì ni aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní awọ tínrín láàárín, irú Gore-Tex, tó ti inú ohun tí Bob Gore, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ṣàwárí ní 1969 jáde. Ihò ara awọ yìí kéré débi pé ẹ̀kán omi kò lè gbà á kọjá, ṣùgbọ́n òógùn tó ti di oru, bí èyí tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò, ń ráyè jáde. Kì í móoru fúnra rẹ̀, bí ó sì bá ti jẹ́ kí omi wọlé láti òkè, ẹsẹ̀ yóò tutù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lórí bàtà.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń gùn ju wákàtí kan lọ nínú òjò ìgbà òtútù kó mú neoprene tó ní téèpù lójú rírán, nítorí pé omi yóò rí ọ̀nà wọlé nígbẹ̀yìn, a kò sì fẹ́ kí ó bá ẹsẹ̀ tútù níbẹ̀. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, tàbí tó ń gùn nígbà tí ojú ọjọ́ ti ju ìwọ̀n 10 lọ, oríṣi kejì ló yẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń fi kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ kì í lo cleat, bàtà iṣẹ́ la fi ń tẹ pẹ́dà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ra èyí tó ní ihò lábẹ́, kó wá èyí tí rọ́bà tó ní ojú gbágungbàgun bo gbogbo abẹ́ rẹ̀, kó má baà yọ̀ lórí pẹ́dà.

Ẹ mú bàtà tí ẹ fi ń gun kẹ̀kẹ́ dání nígbà tí ẹ bá ń lọ rà á. Èyí tó há jù ń fún ìka ẹsẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè lọ dáadáa, òtútù ni yóò sì yọrí sí. Èyí tó tóbi jù yóò máa kan apá pẹ́dà tàbí kó há sí ṣéènì. Síìpù sábà máa ń wà lẹ́yìn. Kí aṣọ kan wà ní inú tó bò ó, kí ẹ sì kọ́kọ́ fà á wọ̀ láti iwájú dáadáa kí ẹ tó fa síìpù, torí pé fífi agbára fa síìpù nígbà tí aṣọ ṣì nà ló sábà máa ń bà á jẹ́. Bí àwọ̀ tó ń tàn nínú iná ọkọ̀ bá wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, ẹ mú ìyẹn, nítorí pé ẹsẹ̀ tó ń lọ sókè sódò ń jẹ́ kí awakọ̀ tètè mọ̀ pé ènìyàn ló wà níwájú òun.

Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ẹrẹ̀ kúrò, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ sì fi kọ́ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹ má gbé e lé ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, nítorí ooru rẹ̀ ń tú gọ́ọ̀mù ojú rírán. Lára aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ ó rí i pé nígbà tó ṣì tuntun, omi ń yí lórí rẹ̀ bí ó ṣe ń yí lórí ewé kókò; bí ó bá ti ń fà á mu, oògùn ojú rẹ̀ ló ti tán, wọ́n sì ń ta irú èyí tí a lè fọ́n sí i padà. Ní ti bàtà, ẹ ki bébà ìròyìn sínú rẹ̀ ní kété tí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ sì pààrọ̀ bébà náà kí ẹ tó lọ sùn.