Citation rẹ̀ pọ̀: kí ni wọ́n ń tọ́ka sí gan-an?

Wọ́n tún ti gbé e dé. Ẹnì kan ya fọ́tò ojú ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n kan lórí Google Scholar, níbi tí Google ń to iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sí, ó gbé e sórí WhatsApp wa, ó fi ìlà pupa yí iye citation rẹ̀ ká, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn ti tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ pé, "Ẹ wo nọ́ńbà! Bàbá ni bàbá ń jẹ́." Kí n tó ṣí fóònù, àtẹ́wọ́ ti kún ibẹ̀. Mo béèrè pé kí ni àwọn èèyàn ń tọ́ka sí nínú iṣẹ́ bàbá náà. Wọ́n ní ìlara ń ṣe mí.

Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu kan iṣẹ́ rẹ̀ rí kò lè fọwọ́ sọ̀yà, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń ka citation bí ìgbà tí wọ́n ń ka ibò, pé ẹni tó ní jù ló wọlé.

Tó bá jẹ́ ibò ni, Ulrich Laemmli ti wọlé tipẹ́. Ọmọ Switzerland ni, onímọ̀ molecular biology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun tín-tìn-tín tó ń mú kí ẹ̀dá wà láàyè. Lọ́dún 1970, nígbà tó wà ní láàbù ìwádìí MRC ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun nìkan kọ àpilẹ̀kọ olójú-ewé mẹ́fà kan sínú Nature, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó lókìkí. Nígbà tí wọ́n ṣírò àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n tọ́ka sí jù láyé lọ́dún 2014, tirẹ̀ ló ṣìkejì, iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka sí i ti lé ní 200,000, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Àpilẹ̀kọ Lowry ti ọdún 1951 lórí bí a ṣe ń wọn púrótéènì nìkan ló ṣáájú rẹ̀. Èyí tí Watson àti Crick kọ lọ́dún 1953 láti fi ìrísí DNA, ohun tó ń gbé àbùdá ìran kiri nínú ara, hàn ńkọ́? Kò sí láàárín ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ wo wá ni Laemmli ṣe? Ó ń wo T4, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń pa bakitéríà, ó fẹ́ mọ bó ṣe ń kọ́ orí ara rẹ̀. Ó rí i pé mẹ́rin nínú àwọn púrótéènì tó ṣe kókó sí orí náà ni wọ́n máa ń gé kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tò wọ́n pọ̀, bí télọ̀ tó gán aṣọ pọ̀ kó tó gé etí tó ṣẹ́kù dànù. Àwárí rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kó tó lè rí àwọn púrótéènì náà dáadáa, ó tún ọ̀nà kan ṣe tí àwọn kan ti ń lò ṣáájú rẹ̀ láti fi ya púrótéènì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú jẹ́ẹ̀lì, ohun rírọ̀ tó dì bí ẹ̀kọ. Ọ̀nà yìí ni gbogbo ayé gbé lọ. Orí fáírọ́ọ̀sì dá wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti wọ láàbù rí á mọ̀ ọ́n. Ẹ ó da púrótéènì pọ̀ mọ́ omi aláró kan tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹ ó sè é, ẹ ó rọra kán an sínú àwọn ihò tín-tìn-tín lókè jẹ́ẹ̀lì, ẹ ó wá tan iná mànàmáná sí i. Ìlà búlúù kan á máa wọ́ lọ sísàlẹ̀. Àwọn púrótéènì kéékèèké á sáré lọ níwájú, àwọn ńláńlá á máa wọ́sẹ̀ lẹ́yìn. Omi tó ń rùn yẹn ni wọ́n ń pè ní Laemmli. "Ẹ bá mi mú Laemmli wá," bí ẹní ń ní kí wọ́n bá òun mú Omo wá. Ọdún méjì gbáko ni mo fi lò ó kí n tó mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dì mọ́ mi lọ́fun nìyí: àwọn tó ń tọ́ka sí iṣẹ́ yìí, ṣé wọ́n kà á? Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí méjì ní Kalifóníà, Simkin àti Roychowdhury, lo ọgbọ́n kan tó dùn mọ́ mi. Wọ́n mú àpilẹ̀kọ físíìsì kan tó gbajúmọ̀, tí wọ́n ti tọ́ka sí nígbà bíi 4,300, wọ́n wá wo àṣìṣe inú ìtọ́kasí wọ̀nyẹn: ojú ewé tí kò tọ̀nà, ọdún tí kò bá a mu. Wọ́n rí 196 tó ní àṣìṣe. Ká ní oníkálùkù ló ṣí ìwé fúnra rẹ̀ ni, àṣìṣe wọn ì bá yàtọ̀ síra. Oríṣi 45 péré ni wọ́n bá, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jáde nígbà 78! Wọ́n ń wo ìwé ara wọn kọ ni. Lójú àwọn méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tó ń tọ́ka ló ka ojúlówó.

Lóòótọ́, èèyàn lè ka ìwé tán kó sì tún da àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kọ láti ibòmíràn, nítorí náà mi ò ní fi ìdá kan nínú márùn-ún yẹn búra. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀kẹ́ mẹ́wàá tó tọ́ka sí Laemmli, èló ló bìkítà nípa orí T4? Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò iye rẹ̀ kì í béèrè. Ẹni tó ń yìn, ẹni tó ń tako, ẹni tó kàn ń kọ ọ́ torí pé ọ̀gá rẹ̀ kọ ọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni fún gbogbo wọn. Ti Watson àti Crick sì rèé, ọ̀rọ̀ wọn ti di ohun tí ọmọ iléèwé ń kà nínú ìwé bàọ́lọ́jì, ta ló tún ń wá orúkọ wọn kọ sílẹ̀? Ta ló ń dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ ní a-b-d?

Laemmli ò dúró sídìí jẹ́ẹ̀lì o. Lọ́dún 1977, òun àti Paulson, olùwádìí ẹgbẹ́ rẹ̀, bọ́ àwọn púrótéènì tí wọ́n ń pè ní histone, tí DNA máa ń wé mọ́, kúrò lára krómósómù, ìyẹn ìdì DNA inú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì rí DNA tó tú jáde ní ọ̀jóbó-ọ̀jóbó, bí òwú tó tú lára kẹ̀kẹ́, yí igi kan tó gbé e ró ká. Ó ṣiṣẹ́ lórí krómósómù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Geneva. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí jinlẹ̀ ju ti jẹ́ẹ̀lì lọ, àmọ́ citation rẹ̀ ò sún mọ́ ọn rárá.

Àbí èmi ni mò ń ṣe àṣejù? Ó ṣeé ṣe. Irinṣẹ́ tó jẹ́ kí gbogbo ayé rí ohun tí wọn ò rí tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ gidi ni, nọ́ńbà yẹn ò sì parọ́ pé wọ́n lò ó. Kó ṣáà má di òṣùwọ̀n ọgbọ́n èèyàn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀gá tó máa darí ìwádìí yín, ẹ kọ́kọ́ ṣí méjì nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀, kí ẹ kà á. Ẹni tó bá sì ní òun á bá yín ra citation, ẹ sá fún un, ọjà ẹ̀ wà lóde báyìí.

Ní láàbù tí mo ti kọ́ṣẹ́, wọ́n kọ "Lamelli" sára ìgò omi aláró yẹn. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, wọ́n ti pààrọ̀ ìgò. "Lamelli" ṣì ni wọ́n kọ sí i lára.