Ọmọ orí ìwé: àwọn ará Ṣáínà tó ń jẹ́ orúkọ bàbá tí kò bí wọn

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ìdílé Ṣáínà ní San Francisco ló ń jẹ́ orúkọ bàbá tí kò bá wọn tan rárá. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Òfin ni. Lọ́dún 1882, Ààrẹ Chester Arthur buwọ́ lu òfin tó ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ àwọn lébìrà Ṣáínà. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ pè é; nígbà tó fi máa di 1904, wọ́n ní kò lópin mọ́. Oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣì lè wọlé. Ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà náà lè wọlé: Wong Kim Ark bá ìjọba ṣẹjọ́ lórí èyí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì borí ní 1898.

Ìbéèrè: Ibo wá ni irọ́ ti wọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Ní oṣù kẹrin ọdún 1906, ilẹ̀ mì tìtì ní San Francisco, iná sì jó àkọsílẹ̀ ìbí ìlú náà ráúráú. Ta ló máa wá já ẹni tó bá ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí nírọ́? Ẹni tó bá ti gba ìwé ọmọ Amẹ́ríkà, ọmọ rẹ̀ náà lè wọlé. Á lọ sí Ṣáínà, á padà dé, á ní ìyàwó òun ti bímọ. (Ọkùnrin ni wọ́n sì ń bí ṣáá!) Ọmọ náà lè má sí rárá. Àyè rẹ̀ ni bàbá máa tà fún ọmọ ẹlòmíì, tó máa wá fi orúkọ bàbá náà wọlé. Òun ni wọ́n ń pè ní ọmọ orí ìwé.

Ìbéèrè: Ìjọba ò fura?

Ìdáhùn: Wọ́n fura dáadáa. Láti 1910 sí 1940, erékùṣù Angel Island, nítòsí San Francisco, ni wọ́n ń dá àwọn tó ń ti Ṣáínà bọ̀ dúró sí. Wọ́n á bi ọmọ léèrè, wọ́n á bi bàbá lọ́tọ̀: àtẹ̀gùn mélòó ló wà nílé yín? Ibo lẹ ń gbé àpótí ìrẹsì sí? Bí ẹnu wọn ò bá kò, ó lè di pé kí wọ́n dá ọmọ padà. Nítorí náà, wọ́n á kọ́ ìdáhùn sórí látinú ìwé, wọ́n á sì ju ìwé náà sókun kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ọmọ tòótọ́ náà ń kùnà. Ta ló ń ka àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀?

Ìbéèrè: Nígbà tí òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀, ṣé wọ́n gba orúkọ wọn padà?

Ìdáhùn: Ní 1943, nígbà tí Ṣáínà àti Amẹ́ríkà jọ ń bá Japan jagun, wọ́n fagi lé e, àmọ́ èèyàn 105 péré ni wọ́n fàyè gbà lọ́dún. Láti 1956, ìjọba ní kí ẹni tó fi irọ́ wọlé wá jẹ́wọ́. Àwọn kan jẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ò dán an wò, torí ẹnìkan ló máa la ẹnu, gbogbo agbo ilé orí ìwé náà ló sì lè wọ gàù.