Níbo ló yẹ kí ẹ ti dúró ní "Kútọnu"?

Àwa mẹ́rin la jọ wọ ọkọ̀ kan ní Èkó, a gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, a sì fi ọjọ́ mẹ́fà rin ìdajì orílẹ̀-èdè Benin. Látìgbà tí a ti padà, àwọn ọ̀rẹ́ ò jẹ́ ká sinmi: ibo lẹ dé, kí lẹ rí, kí ló gbé yín débẹ̀? Àwọn ìbéèrè tó ta kókó jù ni mo dáhùn níbí.

Ẹ ní Benin lẹ lọ. Ṣé kì í ṣe Kútọnu náà ni?

Èkó ló kọ́ wa ní àṣìpè yẹn. Ìlú kan ṣoṣo ni Kútọnu. Àjàṣẹ́, tí wọ́n kọ Porto-Novo sára pátákó rẹ̀, ni olú-ìlú lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n Kútọnu ni ààrẹ ti ń ṣiṣẹ́. A sun oorun alẹ́ kan níbẹ̀, a ra aṣọ ní ọjà Dantokpa, a bá tiwa lọ. Ẹni tó ti mọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó, kí ló tún fẹ́ lọ náwó wò níbòmíì?

Mo rí fọ́tò mọ́ṣáláṣí kan ní Àjàṣẹ́ tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni tẹ́lẹ̀?

Rárá o. Mọ́ṣáláṣí ni látìgbà tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. 1912 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, 1935 ló parí. Ṣùgbọ́n ojú yín ò tàn yín: ilé ìṣọ́ méjì, òdòdó lára ògiri, ọ̀dà olóríṣiríṣi, gbogbo rẹ̀ ni ẹ lè rí lára ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil.

Àwọn Àgùdà ló fà á. Wọ́n ti ta àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú sí Bahia, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà, ilé ńlá tí wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tó wà lóko ẹrú níbẹ̀ dìde ogun. Àwọn ará Brazil ń pe ogun náà ní ti Malê. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, "ìmàle" tiwa ni. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ni àwọn adúláwọ̀ tó ti gbòmìnira lára, ni púpọ̀ nínú wọn bá wọkọ̀ padà sí Èkó, Ouidah àti Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀ náà ni àwọn ọmọ wọn fi kọ́lé fún Ọlọ́run. Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, ẹ ó rí ọwọ́ kan náà.

Ọ̀rẹ́ wa kan kírun níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní nílé àwọn, bí wọ́n bá ní "ìjọ Àgùdà", ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n ń sọ. Òun ò mọ̀ pé Àgùdà tó ń kírun wà láyé.

Kí ló gbé odidi ìlú lọ sórí omi ní Ganvié?

Ìbẹ̀rù ni. Láyé òwò ẹrú, àwọn ọmọ ogun Dàhómì, ìjọba àtijọ́ tí ààfin rẹ̀ wà ní Abomey, ń kó èèyàn lọ tà létí òkun. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé èèwọ̀ kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun náà jà lórí omi, ni àwọn Tofinu bá lọ kọ́lé sórí òpó láàárín ọ̀sà Nokoué. Abomey-Calavi la ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ilé ni gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹja ló jọ mí lójú: wọ́n á ki ẹ̀ka igi bọ ìsàlẹ̀ omi bí ọgbà, ẹja á sá wọbẹ̀, á jẹ, á bímọ, wọn á wá fi àwọ̀n yí i ká. Àwọn ìyá tó ń tajà nínú ọkọ̀ fi akẹ̀tẹ̀ bojú nígbà tí a gbé fóònù sókè. Wọ́n jàre.

Ẹ ò dé Ouidah?

A dé ibẹ̀. Tẹ́ńpìlì òjòlá àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Kátólíìkì kọjú síra wọn, ìdààmú ò sì sí láàárín wọn. Létí òkun ni Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọkọ̀. Mo yọ fóònù níbẹ̀, mo tún dá a padà sápò.

Dàhómì tó gbógun ti Abẹ́òkúta, kí lọmọ Ẹ̀gbá ń wá ní ààfin wọn?

Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Aké, bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí ní ẹnu ọ̀nà Abomey. Ní 1851 àti 1864 ni wọ́n wá, ìgbà méjèèjì náà ni Ẹ̀gbá lé wọn padà. Àmọ́ ṣáájú ìyẹn, Dàhómì ti san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Ọba Ghézo tó kọ̀ jálẹ̀. Ara ògiri ààfin ni wọ́n kọ ìtàn wọn sí, pẹ̀lú àwòrán amọ̀: kìnnìún fún Ọba Glèlè, àkurákudà fún Ọba Béhanzin. Faransé kó ohun ìní ààfin lọ ní 1892. 26 nínú wọn ni wọ́n dá padà ní 2021. Ọmọ Aké wo ògiri náà títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ó dùn mí, wọ́n mọ iṣẹ́ ọnà."

Nínú gbogbo rẹ̀, ibo ló dùn jù?

Ìdáàṣà ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, a ò gbèrò láti dúró níbẹ̀. Ní Allada, níbi tí a ti ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó funfun tó ń dùn bí ṣúgà, a ra bẹntiróò inú ìgò lẹ́bàá títì. "Kpayo" ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gùn sì ni pé kì í ṣe ojúlówó. Orúkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa! Lẹ́yìn Bohicon ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ibi tí àwọn àpáta ti ń yọ lọ́tùn-ún lósì bí Olúmọ, ó kú fin-ín.

Faransé ni mẹkáníìkì ń sọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ nínú wa. Ìyá olóńjẹ kan tó ń gúnyán lódìkejì títì ló gbọ́ tí à ń bá ara wa jà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló ń ṣe yín?" Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti Ìbàdàn, kì í ṣe ti Ẹ̀gbá, àwọn ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ fò wá, ṣùgbọ́n a gbọ́ra wa. Òun ló ṣe ògbufọ̀ títí wọ́n fi fọ táǹkì ọkọ̀ tán.

Báwo ni Yorùbá ṣe wá rìn jìnnà débẹ̀?

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ààlà ló wá bá wọn. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fa ìlà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣábẹ̀ tí wọ́n ń kọ ní Savè, àti Ìdáàṣà tó di Dassa lórí máàpù. Àwọn tó ń ka ọmọ Odùduwà mọ́ Alákétu àti Oníṣábẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ Aláàfin.

Ìyá náà ní Ẹ̀gbá ni ìdílé ọba Ìdáàṣà ti ṣẹ̀ wá. Bí ọmọ Aké ṣe gbọ́ èyí, ó ní ìbátan ni àwọn jẹ́, kí ìyá fi ẹran kún tòun. Ìyá fi wàrà méjì sí i, ó sì gba owó rẹ̀ pé.