Bí òfin SPOMO ṣe ń gbé olè ojú òkun dé iwájú adájọ́

Kí ọdún 2019 tó dé, ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà lè lé olè ojú òkun bá, kí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú un wálé. Kóòtù ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kan tó dá jíjí ọkọ̀ gbé lójú òkun yà sọ́tọ̀, tó sì fi gbogbo ìyà tó tọ́ sí i lélẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba á kàn wá ẹ̀sùn mìíràn tó bá a mu díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì ṣẹlẹ̀ lókèèrè òkun, agbẹjọ́rò àwọn afurasí lè dìde pé ta ló fún adájọ́ Nàìjíríà láṣẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tí wọ́n ń pè ní SPOMO, èyí tó wà láti dènà ìjalè òkun àti àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lójú omi. Àdéhùn àgbáyé méjì ló tì í lẹ́yìn: ti ọdún 1982 lórí òfin òkun, àti ti ọdún 1988 lórí ìwà ipá sí ọkọ̀ ojú omi. Nàìjíríà ti tọwọ́ bọ méjèèjì tipẹ́. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ọdún 1999 ṣe wí, àdéhùn àgbáyé kò ní agbára nílé títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò fi sọ ọ́ di òfin. Ohun tó fa ìdádúró náà nìyẹn.

Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ló ń pinnu orúkọ tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ń jẹ́. Láàárín máìlì òkun 12 sí etíkun, ìdigunjalè lórí omi ni. Tó bá kọjá ibẹ̀, ó di ìjalè òkun, ẹ̀ṣẹ̀ tí orílẹ̀-èdè èyíkéyìí láyé lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ló lè gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì. Ìyà rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n gbére, pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò ju 50 mílíọ̀nù náírà lọ, ẹni tó jẹ̀bi yóò sì dá ohun tó kó padà fún olóhun.

Ẹjọ́ ọkọ̀ apẹja Hailufeng, ti àwọn ará Ṣáínà, fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn dáadáa. Etíkun Côte d'Ivoire ni wọ́n ti jí i gbé ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, tí wọ́n sì darí rẹ̀ sí ọ̀nà Nàìjíríà. Ọmọ ogun ojú omi wọ inú rẹ̀ lójú agbami ní gúúsù Èkó, wọ́n yọ atukọ̀ 18, wọ́n sì mú ọkùnrin mẹ́wàá. Irú àwọn atukọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó ṣe kókó jù, àjòjì sì ni wọ́n, nítorí náà ó yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù lọ sílé. Ní oṣù keje ọdún 2021, Adájọ́ Ayokunle Faji ní Èkó rán àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12.

Kí ìyẹn tó wáyé, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, kóòtù Port Harcourt ti dá àwọn mẹ́ta lẹ́bi lórí ọkọ̀ Elobey VI, tí wọ́n gba 200,000 dọ́là kí wọ́n tó tú àwọn atukọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Owó ìtanràn ni adájọ́ bù fún wọn. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin tuntun nìyẹn, ó sì fúyẹ́ jù. Ẹni tó ń fi ẹ̀mí ènìyàn ṣòwò lè ka owó ìtanràn mọ́ ìnáwó òwò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò èbúté yàtọ̀. Òun ni ISPS, ìlànà ààbò ọkọ̀ àti èbúté, ń bójú tó, èyí tí àjọ ìrìnnà òkun lágbàáyé gbé kalẹ̀ ní 2002, lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án 2001 ní Amẹ́ríkà, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje 2004. NIMASA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà ọkọ̀ ojú omi, ló ń mójú tó o ní Nàìjíríà láti 2013. Àpápá, Tin Can, Lẹ́kí, gbogbo ibi tí ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ń gúnlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ ní ètò ààbò tí wọ́n ti fọwọ́ sí àti ẹni tí ètò náà wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni ìṣọ́ náà ní: ti ojoojúmọ́, ti ìgbà tí ewu bá ń rùn, àti ti ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó dé. Inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní bọ́tìnì ìkọ̀kọ̀ tí atukọ̀ lè tẹ̀. Kò ní dún létí olè, ṣùgbọ́n ìró á dé ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀. Èbúté tó bá kùnà kì í dá nìkan jìyà rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà máa ń gbé ìlànà líle kalẹ̀ fún ọkọ̀ tó bá ti ya irú èbúté bẹ́ẹ̀ nínú ìdúró márùn-ún tó ṣe kẹ́yìn.

Ní 2020, 130 nínú atukọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé lójú òkun lágbàáyé ló jẹ́ ti agbègbè Gulf of Guinea, ìyẹn omi òkun tó yí etíkun Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ká. Ìkọlù níbẹ̀ já láti 81 lọ́dún náà sí 34 ní 2021. Kì í ṣe òfin nìkan ló ṣe é: Deep Blue, iṣẹ́ ààbò òkun ti ìjọba Nàìjíríà, pẹ̀lú ọkọ̀ ìṣọ́ àti bàálù rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ òkèèrè náà sì wà lórí omi. Síbẹ̀, àwọn adójútòfò ṣì ń ka omi yìí sí ibi eléwu, wọ́n sì ń gba owó ewu ogun lórí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Olówó ọkọ̀ á fi lé owó ẹrù, oníṣòwò á fi lé ọjà, ẹni tó ń ra ìrẹsì ní ọjà Dáléko ni yóò sì san án.