Ohun tó ṣeé dá dúró àti ohun tí kò ṣeé dá dúró nínú átọ́ọ̀mù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ohun méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì sábà máa ń dà pọ̀. Ọ̀kan ni radioactivity, ìyẹn jíju ìtànṣán síta, tí átọ́ọ̀mù ń ṣe fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èkejì ni fission, ìyẹn pípín átọ́ọ̀mù sí méjì, tí ènìyàn ń dá sílẹ̀ nínú ríákítọ̀ láti fi pèsè iná mànàmáná. A ṣètò àwọn ìbéèrè yìí kí ẹ lè rí ibi tí méjèèjì ti pínyà, àti ibi tí wọ́n ti tún pàdé.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú átọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ní ó jẹ́ radioactive?

Inú nucleus, ìyẹn àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe lọ́dọ̀ àwọn electron tó yí i ká. Àwọn proton inú nucleus ń ti ara wọn dànù, nítorí pé irú iná kan náà ni gbogbo wọn gbé. Agbára mìíràn tó le ju ìyẹn lọ, àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò gùn rárá, ló so proton àti neutron (tí kò gbé iná kankan) pọ̀. Tí iye àwọn méjèèjì kò bá bára mu, tàbí tí nucleus bá ti tóbi jù, kò ní lè dúró bẹ́ẹ̀ títí láé. Yóò ju nǹkan síta kí ara lè tù ú; àwọn nǹkan náà là ń pè ní alpha, beta tàbí gamma.

Henri Becquerel ló kọ́kọ́ rí èyí ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1896. Ó rò pé oòrùn gbọ́dọ̀ ràn sí iyọ̀ uranium kí ó tó lè tan ìtànṣán. Ó kó iyọ̀ náà sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú awo fọ́tò tó fi bébà dúdú wé, níbi tí oòrùn kò dé, síbẹ̀ awo náà ní àmì. Kò sí ohun kankan láti ìta tó rán uranium níṣẹ́.

Kí ni alpha, beta àti gamma fi yàtọ̀ síra?

Alpha jẹ́ proton 2 àti neutron 2 tó so mọ́ra wọn. Tí uranium-238 bá ju alpha kan síta, nọ́ńbà proton rẹ̀ yóò já láti 92 sí 90, ìwúwo rẹ̀ (àpapọ̀ proton àti neutron, ìyẹn 238 inú orúkọ rẹ̀) yóò já sí 234, ó ti di thorium nìyẹn. Gamma jẹ́ agbára lásán. Bó bá jáde, nọ́ńbà kankan kò yí padà.

Beta ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nínú ìdánwò. Wọ́n á kọ ọ́ pé electron ni beta, pé ó sì já kúrò lára àwọn electron tó ń yí nucleus ká. Apá àkọ́kọ́ tọ̀nà, apá kejì kò tọ̀nà. Neutron kan nínú nucleus ló yí padà di proton, ìyípadà yẹn ló sì bí electron tó fò jáde. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà proton fi máa ń fi 1 lé sí i. Carbon-14 ní proton 6 àti neutron 8. Lẹ́yìn tó bá ju beta síta, ó di nitrogen-14, proton 7, neutron 7.

Bébà lásán lè dá alpha dúró. Ṣé òun ni ewu rẹ̀ kéré jù nìyẹn?

Tó bá wà níta ara, bẹ́ẹ̀ ni. Kì í rìn ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ nínú afẹ́fẹ́, awọ ara tó ti kú lókè pàápàá ń dá a dúró. Beta nílò aluminium tó nípọn tó mìlímítà mélòó kan, gamma sì nílò òjé tàbí kọnkéré tó nípọn dáadáa.

Tí ènìyàn bá wá fà á símú tàbí gbé e mì, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ohun tó jẹ́ kí alpha tètè dúró ni pé gbogbo agbára rẹ̀ ló ń ná tán sí ojú kan. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, ojú kan yẹn jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè. Bí àwọn onímọ̀ bá ń ṣírò ewu, wọ́n máa ń fi 20 ṣe ìsọdipúpọ̀ fún alpha, nígbà tí ti beta àti gamma jẹ́ 1.

Ìgbà wo ni átọ́ọ̀mù kan máa yí padà?

Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rọ wa kò dára tó. Ẹ fi dáìsì 100 dán an wò. Ẹ dà wọ́n sílẹ̀, kí ẹ yọ gbogbo èyí tó bá fi 6 hàn kúrò, kí ẹ tún da ìyókù. Yóò ku nǹkan bíi 83, lẹ́yìn náà 69, 58, 48. Kò sí bí ẹ ṣe lè nàka sí dáìsì kan pé òun ló kàn, síbẹ̀ ẹ mọ̀ pé ìdajì yóò ti lọ tí ẹ bá dà á tó ìgbà mẹ́rin. Dáìsì tó yè bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kò sún mọ́ 6 ju tuntun lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni átọ́ọ̀mù: kì í darúgbó. Giramu 1 uranium-238 ní átọ́ọ̀mù tó ju biliọ̀nù kan lọ́nà biliọ̀nù kan lọ, ìyẹn ni ìṣirò wa kì í fi í tàsé.

Àkókò tí ìdajì wọn fi ń lọ là ń pè ní half-life. Ti iodine-131 jẹ́ ọjọ́ 8. Tí a bá ní giramu 80 lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ 8 ó ku 40, lẹ́yìn 16 ó ku 20, lẹ́yìn 24 ó ku 10. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé lẹ́yìn ọjọ́ 16 gbogbo rẹ̀ ti tán, nítorí ìdajì àti ìdajì jẹ́ odidi. Ìdajì ohun tó ṣẹ́ kù ló ń lọ, kì í ṣe ìdajì ti ìbẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe kejì wà níbi ìdánwò àfọwọ́ṣe. Ẹ̀rọ Geiger máa ń ka ìtànṣán tó wà láyìíká, láti inú ilẹ̀ àti láti ojú ọ̀run, kódà tí kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ká ní ó ka 340 ní ìṣẹ́jú kan níbẹ̀rẹ̀, ó wá ka 60 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 24, ti àyíká sì jẹ́ 20. Ẹ kọ́kọ́ yọ 20 kúrò lára méjèèjì: 320 di 40. Ìdajì lọ lẹ́ẹ̀mẹta, half-life jẹ́ ìṣẹ́jú 8. Ẹni tí kò bá yọ ọ́ yóò rí nǹkan bí ìṣẹ́jú 9.6, ìṣirò rẹ̀ yóò sì mọ́ lójú bí ẹni pé ó tọ̀nà.

Ṣé a kò lè sè é, tàbí ká da ásíìdì sí i, kó tètè tán?

Kò ní gbọ́. Ooru àti ásíìdì ń bá àwọn electron ìta jà, agbára tó wà níbẹ̀ kò ju eV (òṣùwọ̀n agbára kékeré tí a fi ń wọn ti átọ́ọ̀mù) mélòó kan lọ. Ohun tó so nucleus pọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù eV. Ẹ sun ún, ẹ yọ́ ọ, ẹ fi yìnyín bò ó, half-life kò yẹ̀. Ìdí nìyí tí pàǹtírí ríákítọ̀ fi ṣòro: cesium-137 ń gba nǹkan bí ọdún 30 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, plutonium-239 ń gba nǹkan bí ọdún 24,000.

Ohun tí ìtànṣán bá kọlù, ṣé òun náà á di radioactive?

Gamma kì í sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fi gamma cobalt-60 pa kòkòrò àrùn lára abẹ́rẹ́ àti irinṣẹ́ ìṣègùn, abẹ́rẹ́ náà kò sì mú ìtànṣán kankan jáde lẹ́yìn náà, nítorí agbára gamma yẹn kò tó láti yí nucleus padà. Ohun tó yàtọ̀ ni kí eruku radioactive fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ tàbí awọ ara. Ìyẹn ni wọ́n ń bọ́ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń fọ̀ dànù. Neutron nìkan ni ẹ ní láti ṣọ́ra fún: ó lè wọ inú nucleus, kó sì sọ irin ríákítọ̀ di radioactive.

Báwo wá ni ti fission ṣe jẹ́?

Fission ń dúró de neutron, ibẹ̀ la ti rí i mú. Tí neutron kan bá wọ inú uranium-235, nucleus náà lè pín sí méjì, fún àpẹẹrẹ barium-141 àti krypton-92, neutron 3 á sì jáde. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 235 + 1 = 141 + 92 + 3. Gbogbo àpapọ̀ ìwúwo wọn ti dín díẹ̀, kò tó 0.1%, ìyẹn ló di agbára, nǹkan bí 200 MeV (mílíọ̀nù eV 200) fún ìpínyà kan. Tí giramu 1 bá pín tán, agbára rẹ̀ tó ti èédú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 3.

Àwọn neutron tó jáde yìí ló ń lọ pín òmíràn, ṣùgbọ́n eré wọn ti pọ̀ jù. Uranium-235 ń mú èyí tó ń rọra rìn dáadáa ju èyí tó ń sáré lọ. Omi tàbí graphite tí à ń pè ní moderator ló ń dín eré wọn kù. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé moderator ń dín ìpínyà kù o! Ó ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ọ̀pá boron tàbí cadmium ló ń gbé neutron mì. Bí wọ́n bá tì í wọlé pátápátá, ìpínyà dáwọ́ dúró.

Ṣé ríákítọ̀ lè bú bíi bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù?

Rárá. Nínú epo ríákítọ̀ tó wọ́pọ̀, uranium-235 kò ju 3 sí 5% lọ. Ti bọ́ǹbù máa ń sún mọ́ 90%. Ní Chernobyl ní Ukraine, lọ́jọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, agbára ríákítọ̀ ibẹ̀ ló ga sókè lójijì, omi inú rẹ̀ di èéfín gbígbóná, èéfín náà sì fọ́ ọ túútúú.

Tí wọ́n bá ti pa ríákítọ̀, ṣé ó ti parí?

Fission ti parí, àmọ́ àwọn ọmọ tó bí, irú barium àti krypton wọ̀nyẹn, radioactive ni wọ́n, kò sì sí ọ̀pá tó lè dá wọn dúró. Ní kété tí wọ́n pa á, wọ́n ṣì ń mú ooru tó tó 6 sí 7% agbára tẹ́lẹ̀ wá. Fún ríákítọ̀ tí ooru rẹ̀ jẹ́ 3,000 MW, nǹkan bí 200 MW nìyẹn. Ó ń lọ sílẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn yí i ká ní gbogbo àkókò náà.

Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011 ní Fukushima ní Japan, àwọn ríákítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pa ara wọn nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì, bó ṣe yẹ. Ìgbì òkun ló wá bo àwọn jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń fa omi kò fi rí iná lò. Omi hó gbẹ, zirconium tó bo epo gbóná, ó bá èéfín omi jà, ó sì mú hydrogen jáde, èyí tó bú gbàmù. Mẹ́ta nínú àwọn ríákítọ̀ náà ni epo inú wọn yọ́. Nítorí ooru kan náà yìí, epo tí wọ́n bá yọ kúrò nínú ríákítọ̀ máa ń lo ọdún mélòó kan nínú adágún omi tó jìn kí wọ́n tó lè kó o sínú àpótí gbígbẹ.